Ìnàkí Kyambura ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìrìn àfonífojì Kyambura lórílẹ̀-èdè Uganda. Ìràwọ̀ kan tó kù, àwọn tó kó wa lọ ló jẹ ẹ́, àfonífojì náà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé torí kó lè ya fọ́tò ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ló ṣe fẹ́ náwó, kó gba igbó Kibale lọ, á rí wọn títí yóò fi sú u. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú igbó gan-an, tó sì lè fara mọ́ ọn pé ẹranko lè má yọjú, Kyambura ni mo ní kó lọ, kó sì lọ láàárọ̀.

Ayẹ̀wé-owó-wò ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Kampala, ibẹ̀ ni mo sì ń gbé báyìí. Àbúrò mi obìnrin wá kí mi láti Ìbàdàn, ó ní gbogbo ohun tóun ti rí nílùú yìí ò ju ohun tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ, àfi kí n mú òun lọ síbi tí ìnàkí wà. Ni mo bá pe ilé iṣẹ́ kan tó ń kó arìnrìn-àjò kiri. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé dandan ni ká rí ìnàkí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bi àwọn ènìyàn pé níbo lẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ kọ síbí, nítorí náà mo pè wọ́n padà, mo ní, "Dandan yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ni, àbí àwọn ìnàkí?" Ọmọkùnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín, ó ní kí màdáàmù fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ ìrìn, mọ́tò pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa mú inú mọ́tò tutù ti kú, omi mímu tí wọ́n ṣèlérí ò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ. Mo ní kí wọ́n já rìsíìtì fún mi, wọ́n fi mí ṣe eré lọ títí kí n tó rí i gbà. Ibi tí ìràwọ̀ kan wọlẹ̀ sí nìyẹn.

Nígbà tá a wá dé etí àfonífojì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ṣọ́ igbó ni pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ìnàkí fún wa níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ariwo wọn nìkan ni àlejò máa gbọ́ lódìkejì odò, tí àkókò á fi tán, tí kálukú á sì gun òkè padà lọ́wọ́ òfo. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀, láìfi ẹ̀rín bò ó. Mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yẹn kí n tó mọ̀ bóyá ó mọ iṣẹ́.

Ó mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ọ̀nà. Láti Kampala, ẹ ó gba Masaka, ẹ ó gba Mbarara, wákàtí mẹ́fà sí méje ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ní Kayabwe, níbi tí ìlà tó pín ayé sí méjì gbé gba títì kọjá, àwọn ọmọkùnrin kan wà tó máa ń fi omi àti àwo onihò ṣe àfihàn fún àlejò pé omi ń yí sọ́tùn-ún níhìn-ín, ó ń yí sósì lọ́hùn-ún. Ọwọ́ wọn ló ń yí i o. Ẹ ṣáà fún wọn lówó díẹ̀, wọ́n mọ eré ṣe. Ní agbègbè Mbarara, ẹ ó rí màlúù Ankole, àwọn tí ìwo wọn gùn débi pé n kò mọ bí méjì ṣe ń dúró nínú agbo kan náà. Lẹ́yìn Ishaka, oko tíì ló gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Tó bá di Rubirizi, àwọn adágún tó wà nínú ihò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á já wálẹ̀, tí pápá Ọgbà Queen Elizabeth á tẹ́ rẹrẹ níwájú yín. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, òkè Rwenzori wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú yìnyín lórí. Ojú ọ̀run ò mọ́ fún wa.

Ọdún 1952 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, Kazinga ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Uganda lọ́dún 1954, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Etí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn ni Kyambura wà.

Ohun tí n kò retí ni pé ẹ ò ní rí àfonífojì náà títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Pápá ni ẹ ó máa wò, koríko tó ti gbẹ, igi ẹlẹ́gùn-ún tó jìnnà síra, oòrùn tó ń pa yín lágbárí. Ilẹ̀ á wá là lójijì bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ là, ẹ ó sì máa wo orí igi ńlá láti òkè. Ó gùn tó kìlómítà 16, ó jìn tó 100 mítà, ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ. Odò Kyambura ló ń ṣàn nísàlẹ̀, omi yẹn ló ń bọ́ igbó náà, nítorí òjò pápá yẹn nìkan ò lè tọ́ irú igi bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ariwo ẹyẹ á sì máa ti abẹ́ ìkùukùu wá sókè. Àbúrò mi tí kì í dákẹ́ dákẹ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ẹgbẹ́ kan ń sọ̀ kalẹ̀, ti ọ̀sán jẹ́ aago méjì. Kí ẹ tó sọ̀, wọ́n á ka òfin fún yín. Ẹ má sún mọ́ ìnàkí. Ẹ má jẹun lójú wọn. Ẹ má jẹ́ kí iná kámẹ́rà tàn. Ẹ wọ ìbòmú tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wákàtí kan péré lẹ ní láti fi wò wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó jókòó sókè. Ọkùnrin Jámánì kan nínú ẹgbẹ́ wa wúkọ́, ẹ̀ṣọ́ wò ó. Ó tún wúkọ́. Ẹ̀ṣọ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọkùnrin náà sì lọ jókòó síbi ìsinmi pẹ̀lú ojú kíkorò. Ìyàwó rẹ̀ kò wẹ̀yìn, ó bá wa lọ ní tiẹ̀. Mo fún ibi yìí ní máàkì gidi lórí èyí, nítorí ẹni tó ti sanwó ló nira láti dá dúró. Ara tiwa àti ti ìnàkí súnmọ́ra débi pé ohun tó ń mú wa ń mú wọn, ọ̀fìnkìn tí ẹ̀yin á fi àgbo lé lọ lè pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀ṣọ́ náà gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àbúrò mi bi mí ní Yorùbá pé ṣé torí ìnàkí ni. Torí erinmi ni, àti torí erin àti ẹfọ̀n tó máa ń wá mumi nísàlẹ̀ odò, kìnnìún náà sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà mìíràn. Ìbọn yẹn, òkè ni wọ́n máa ń yìn ín sí láti fi lé ẹranko.

Àtisọ̀kalẹ̀ gba orúnkún. Ọ̀nà náà dagun, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó ń yọ̀, ìtàkùn ni ẹ ó máa dì mú, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó dì í mú. Wọ́n á fún yín ní ọ̀pá. Ẹ gbà á, ẹ má ṣojú ayé. Bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ooru pápá á fi yín sílẹ̀, atẹ́gùn á tutù, á lọ́rinrin, òórùn ewé jíjẹrà àti èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ti kẹ̀ á gba imú yín. A ò tíì dé ìsàlẹ̀ tá a ti gbọ́ ohùn kan tó ń hó jìnnà nínú omi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?" Erinmi ni. Ó wà nínú ibú kan tí a ò lè rí, ọ̀nà tó ń gbà jáde lóru láti lọ jẹ koríko sì là kedere lára ẹrẹ̀, ó jìn, ó tẹ́jú, ìlà kékeré kan yọ sókè láàárín rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kàn. Ẹ̀ṣọ́ ní ká má dúró lójú ọ̀nà yẹn láé. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Gbogbo àárọ̀ náà, etí la fi ń rìn. Ẹ̀ṣọ́ á dúró, á gbọ́, á fi rédíò ọwọ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ tó wà níwájú sọ̀rọ̀, á yí padà. Ó fi ìtẹ́ tí ìnàkí tẹ́ sórí igi lánàá hàn wá: ẹ̀ka tí wọ́n ká mọ́ra wọn, ewé rẹ̀ ò tíì rọ. Alaalẹ́ ni ìnàkí ń tẹ́ tuntun, ilé àná ò wù wọ́n. Ó fi ìgbẹ́ wọn hàn wá, ó fi igi tú u, kóró ọ̀pọ̀tọ́ ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe náà dìde láti òdìkejì odò. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, ó ń ga, òmíràn dáhùn, òmíràn tún dáhùn, títí gbogbo rẹ̀ fi di ariwo kan ṣoṣo, ẹnì kan nínú wọn sì ń lu ìdí igi gbì gbì gbì. Irun ọwọ́ mi dìde. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Wọ́n wà lọ́hùn-ún," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rìn.

Afárá tó wà níbẹ̀, igi tó dùbúlẹ̀ sórí odò ni. Ewédò ti bò ó, omi pupa ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi tó wọ kánfáàsì funfun tó rà ní Gbági fún ìrìn-àjò yìí jókòó sórí igi náà, ó fi ìdí wọ́ kọjá, ó ń pe Jésù lẹ́sẹẹsẹ. Ìyàwó ọkùnrin Jámánì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún wa pé àwọn ìnàkí náà ń lo igi tó bá wó sórí odò láti kọjá, nítorí wọn ò mọ odò wẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa fi dé òdìkejì, igbe náà ti padà sí apá ibi tá a ti ń bọ̀.

Ibẹ̀ la ti rí ẹdun. Wọ́n pọ̀ lórí igi kan, dúdú, irun funfun gígùn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn méjèèjì, ìrù wọn funfun lópin. Wọ́n ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, irun yẹn sì ń fẹ́ sókè. Ìyá ìbejì ni àbúrò mi. Ó gbàgbé kánfáàsì, ó gbàgbé odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n: "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi!" Ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ bi mí ohun tó ń sọ. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹdun àti ìbejì jẹ́ ẹbí, pé ìyá ìbejì ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran rẹ̀. Ó gbọ́, ó mi orí, ó ní ohun tó dáa ni. Ó wá ní, "Àmọ́ àwọn ìnàkí ń jẹ wọ́n o." Wọ́n máa ń kó ara wọn jọ dọdẹ ẹdun ni, àwọn kan á lé e, àwọn kan á ti dé iwájú dè é, wọ́n á sì pín ẹran. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìnàkí tí mo rìn láti Ìbàdàn wá wò?" Láti ìgbà yẹn lọ, ó di pé kó rí wọn nìkan ló fẹ́, ó ní òun fẹ́ wo ojú wọn.

A rí wọn. Ó ti sún mọ́ ìgbà tó yẹ ká máa gòkè nígbà tí rédíò dún, tí ẹ̀ṣọ́ sì mú wa gba inú ìtàkùn lọ sídìí ọ̀pọ̀tọ́ kan tí mo rò pé ènìyàn mẹ́fà ò lè dì mọ́ tán. Ìyá kan wà lókè pátápátá pẹ̀lú ọmọ láyà, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Akọ kan tó ti dàgbà jókòó sórí ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fúnfun. Ó já èso ọ̀pọ̀tọ́ bíi mélòó kan sẹ́nu. Kò gbé e mì. Ó rún un, ó fi ètè ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, ètè náà yọ síta, ó fẹ̀, ó gba gbogbo èso náà bí ó ti pọ̀ tó, ó sì ń fa omi rẹ̀ mu. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á na ètè yẹn síwájú, á rẹjú wo ohun tó kù lórí rẹ̀, á tún fà á wọlé. Oje ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó gbó, ó sán, èékánná àgbẹ̀ ni. Nígbà tí omi tán nínú èso, ó tu pàǹtí rẹ̀ sílẹ̀, ó balẹ̀ nítòsí bàtà mi, funfun, gbígbẹ, tí ojú eyín rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Àbúrò mi wò ó pẹ́, ó ní, "Kò tilẹ̀ tijú."

Wákàtí kan tí wọ́n ní ká fi wò wọ́n ò pé. Akọ náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú wa láìsáré, ó wọ inú ewé lọ, ìyá ọlọ́mọ tẹ̀ lé e láti òkè. Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ ká lépa wọn. Ẹnì kan nínú wa ráhùn pé ó kù síbẹ̀ nínú wákàtí òun. Bí èèyàn ṣe ń wo aago fún ẹranko ìgbẹ́, kò yé mi.

Nígbà tá à ń gòkè, mo bi ẹ̀ṣọ́ pé mélòó ni gbogbo wọn. Ó ní nǹkan bí 30. Mo rò pé mo gbọ́ ọ lódì, nítorí ní Kibale, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ibẹ̀, wọ́n lé ní 1,000. Ó wá ṣàlàyé ohun tí ìwé ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò ò kọ. Tẹ́lẹ̀ rí, igbó ló so àfonífojì yìí pọ̀ mọ́ igbó ńlá Kasyoha-Kitomi àti mọ́ Maramagambo. Wọ́n gé igbó yẹn, oko gba ibẹ̀, abúlé gba ibẹ̀. Ìnàkí tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì wá di ará erékùṣù: pápá níhìn-ín, oko lọ́hùn-ún. Láàárín ìnàkí, obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ. Bí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, á kúrò nínú ìdílé tí wọ́n bí i sí, á lọ wá ìdílé mìíràn, kó má baà bímọ fún ẹbí rẹ̀. Níbo ni ti Kyambura fẹ́ lọ? Ta ló fẹ́ wá láti ìta? Àwọn àjọ kan ń gbin igi padà, wọ́n ń dá irà tí wọ́n ti sọ doko padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n igi ò yára. Àti pé àwọn tí à ń wá kiri láti àárọ̀ kéré, àfonífojì náà sì gùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòroó rí. Ẹni tó bá fún ibí yìí ní ìràwọ̀ kan torí pé "ìnàkí ò pọ̀", mo ti ka irú rẹ̀, kó lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì ni wá, èmi àti àbúrò mi. Ìnàkí díẹ̀ kù nínú igbó ọba ilé wa náà, ẹ̀yà tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló wà, òun ló sì kéré jù níye nínú ẹ̀yà ìnàkí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oko kòkó àti àwọn agégẹdú ń jẹ igbó náà láti etí. A dàgbà síbẹ̀, a ò rí ọ̀kan rí. Uganda la gbé wá sanwó wò ó. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, ó bi mí pé ẹ̀ṣọ́ mélòó ló ń ṣọ́ tiwa. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ owó. Iye tí àjọ tó ń bójú tó ẹranko ní Uganda ń gbà lọ́wọ́ kálukú kì í ṣe ọ̀kan náà: àlejò láti òkèèrè ló ń san jù, àlejò tó ní ìwé ìgbélùú ń san dín díẹ̀, ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ń san kéré jù. Èmi san ti ìwé ìgbélùú, àbúrò mi san odindi dọ́là. Ó bi mí pé ṣé àwa kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ni. Mo ní kó mú ìwé wá. Síbẹ̀, owó Kyambura rọjú. Ti Kibale ti kọjá 200 dọ́là fún àlejò òkèèrè, ó ju ìlọ́po méjì ti Kyambura lọ. Ẹ béèrè iye tó wà lóde kí ẹ tó gbéra, wọ́n máa ń yí i padà, kẹ́ ẹ sì tètè gba ìwé àṣẹ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í pọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yín náà, ẹ má gbàgbé ẹ sílé, wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ má wo ti oge. Ìjàlọ wà nísàlẹ̀ yẹn, ìjàlọ Uganda ò sì yàtọ̀ sí ti Èkìtì, wọ́n á kọ́kọ́ gùn yín tán kí wọ́n tó jọ bù yín jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, eṣinṣin tsetse tó wà lórí pápá fẹ́ràn àwọ̀ yẹn. Lóṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti lóṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, òjò pọ̀, ọ̀nà náà á di ọṣẹ. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó gbádùn ojú àfonífojì láti òkè, ó tó wò. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kékeré sọ̀.

Bí ẹ bá sọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ ojú omi Kazinga ṣì ń dúró dè yín lọ́sàn-án láti Mweya, lórí omi tó so adágún George àti adágún Edward pọ̀. Ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́, erinmi, ẹfọ̀n, ọ̀nì, erin àti idì apẹja á fara hàn yín láìjẹ́ pé ẹ gun òkè kan. Àbúrò mi ní ibẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ lọ. Ihò àdán tó wà nínú igbó Maramagambo, wọ́n á fẹ́ fà yín lọ síbẹ̀ nítorí òjòlá tó ń gbé inú rẹ̀. Lọ́dún 2008, obìnrin ará Holland kan wọ inú ihò yẹn, ó kó àrùn Marburg, àrùn tó jọ Ebola, ó sì kú. Wọ́n ti kọ́ ibì kan tí àlejò lè dúró sí lókèèrè báyìí. Àwa ò lọ, n kò sì rò pé mo pàdánù nǹkan kan.

Níbi tá a sùn sí lápá Rubirizi, agbe wá bà sórí igi tó wà níwájú yàrá wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti Uganda tóbi ju èyí tí mo mọ̀ lọ, aró ara rẹ̀ sì jinlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìtura náà ní ojoojúmọ́ ló ń wá, àwọn àlejò kì í wò ó, ìnàkí ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn obìnrin Kyambura ní ẹgbẹ́ kọfí tiwọn, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń yan án. Ẹ rà á, ó dáa, ó sì rọrùn láti gbé sínú báàgì. Ti oúnjẹ, n kò lè parọ́. Mátókè, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè tí wọ́n sì tẹ̀, dáa pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, àmọ́ kò ní ata. Róléèsì ẹ̀bá ọ̀nà, ìyẹn ṣàpátì tí wọ́n fi wé ẹyin díndín pẹ̀lú kábéèjì àti tòmátì, dáa jù lọ nínú gbogbo ohun tá a jẹ, ó gbóná, ó pọ̀, kò sì wọ́n, kò ní ata. Ẹja adágún tí wọ́n dín fún wa lálẹ́, odindi ẹja tútù, kò ní ata. Ẹ mú ata gígún dání láti ilé.